Ta Ni Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Iwájú?

Ìlú olójò ni ìlú wa. Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ní oṣù kẹfà ọdún, igbó ni yóò máa wò lọ́tùn-ún lósì, oko kókó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti odò Ọ̀wẹnà tí ó kún. Bí a bá yọ ti ọyẹ́ kúrò, kí ni ó pa wá pọ̀ mọ́ aginjù? Ọyẹ́ nìkan ni ó ń gbé eruku Sàhárà wá bá wa nílé. Láti kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní ilẹ̀ Chad, ni púpọ̀ nínú eruku náà ti ń gbéra, a sì máa bo òkè Ìdànrè mọ́lẹ̀ tí ẹni tí ó wà lókèèrè kò fi ní í rí i mọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Àkúrẹ́ lónìí pé báwo ni mọ́tò ṣe ń gun òkìtì iyanrìn, yóò ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún yín bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ti rí i nínú fóònù rẹ̀: mọ́tò ńláńlá tí ń sáré tẹ̀lé ara wọn, iyanrìn tí ń fò sókè bí omi, oòrùn tí ń wọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹ̀dá kan ní gbogbo àyíká.

N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà nítorí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Èmi náà a máa wò wọ́n, wọ́n sì dùn ún wò. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ipò ẹni tí ó ń ya àwòrán náà. Ṣé ẹlẹ́rìí ni, tàbí ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò ni? Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó rí, kí ó sì fi hàn bí ó ti rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ arìnrìn-àjò, a jẹ́ pé gbèsè tí ará ọ̀nà ń jẹ ará ọ̀nà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn òun náà. Bí a bá dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà kan, ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ti gbà lásán ni yóò yí padà.

Àwọn tí wọ́n ń pè é ní ẹlẹ́rìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí kò sí kámẹ́rà, ẹni tí ó ti àjò dé a máa sọ ohun tí ó bá wù ú. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ àǹfààní èyí dáadáa, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ̀lé wọn wọ inú igbó lọ ka orí ẹkùn tí wọ́n pa. Kámẹ́rà dé, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ ti tán: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni a rí.

Bàbá kan ní Yaba ní ìlú Oǹdó ni ó kọ́kọ́ mú mi ṣiyè méjì. Awakọ̀ ni nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti fi bọ̀lẹ̀kájà kó kókó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi ọ̀kan nínú fíìmù wọ̀nyí hàn án. Mọ́tò márùn-ún ni, wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀kánkán, wọ́n kọjá fìrì, eruku wọn sì bo gbogbo ojú àwòrán.

Bàbá ní, “Márùn-ún ni mo kà. Ta ni ó wà nínú ẹ̀kẹfà?”

Ọmọ náà ní, “Ẹ̀kẹfà wo, Bàbá? Márùn-ún náà ni wọ́n.”

“Èyí tí ó ti wà níwájú kí àwọn wọ̀nyí tó dé. Àbí ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó ń yà wọ́n fi rìn débẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rín. Ó tún bi í pé, “Ta ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀?” Ọmọ náà dáhùn pé aginjù ni, kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Bàbá gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, ó ní òun kò tí ì dé ilẹ̀ kan rí tí kò ní onílẹ̀, òun sì ti rìn.

Ìbéèrè méjèèjì yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ọkọ̀ iwájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya mọ́tò tí ń sáré bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Yóò sáré lọ, yóò dúró, yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀, yóò sì dúró de àwọn yòókù títí wọn yóò fi kọjá. Nígbà tí wọ́n bá kọjá tán, òun ni ó di ará ẹ̀yìn, ó sì ní láti sáré ju gbogbo wọn lọ kí ó tó lè bọ́ síwájú padà. Nítorí náà, nínú ọkọ̀ mẹ́fà, ọkọ̀ ayàwòrán ni ó sáàbà máa ń sáré jù, òun náà ni ó sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀. Èyí tí a kò rí ni ó ń ṣe wàhálà jù.

Ìfẹ́ rẹ̀ àti ìfẹ́ awakọ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Awakọ̀ aginjù a máa jìnnà sí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ nítorí eruku. Ayàwòrán fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra kí gbogbo wọn lè wọ inú àwòrán kan. Ní ti àkókò, wọ́n gbọ́ ara wọn yé díẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, òjìji kò sí, awakọ̀ kò sì lè mọ ibi tí òkìtì iyanrìn ti dá wálẹ̀ lójijì. Ayàwòrán náà kò fẹ́ ọ̀sán, nítorí òjìji gígùn ni ẹwà aginjù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá rì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà. Awakọ̀ fẹ́ kí a jọ̀ lára afẹ́fẹ́ inú táyà kí táyà lè fẹ̀ lórí iyanrìn, kí a fi ṣọ́bìrì wa ìdí rẹ̀, kí a ki irin pẹlẹbẹ sí i lábẹ́, kí a sì tì í. Ọwọ́ ni ó ń wá. Ayàwòrán ní ọwọ́ méjì, méjèèjì ni ó sì fi di kámẹ́rà mú, nítorí ọkọ̀ tí ó rì ni àwọn òǹwòran fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù náà.

Ti ẹni tí ó dá rìn yàtọ̀. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ títí yóò fi di bíńtín lọ́ọ̀ọ́kán, yóò sì tún padà wá gbé e. Ọ̀nà kìlómítà kan di mẹ́ta. Àwa tí a ń wò ó ní, “Ẹ wo bí ó ti dá nìkan wà, tí kò bojú wẹ̀yìn!” Ó kúkú ti bojú wẹ̀yìn, ó sì ti padà. N kò lè pe èyí ní irọ́, nítorí ọ̀nà náà ni ó rìn lóòótọ́, ó tilẹ̀ rìn ín ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó ní kí ẹlẹ́jọ́ tún ohun tí ó ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun lè rí i dáadáa, irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn?

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra kámẹ́rà, ẹ rántí ọdún 2024. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún náà ni Pelumi Nubi gbéra ní Lọ́ńdọ́nù nínú Peugeot 107, mọ́tò kékeré tí ẹlòmíràn kò ní í fi lọ jìnnà, ó ní Èkó ni òun ń bọ̀. Ó gba Sàhárà ti ìwọ̀-oòrùn kọjá, ó gba Mauritania kọjá, ó ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Côte d'Ivoire, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Àwòrán tí ó ń fi ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà ni ó sọ àwa tí a jókòó sílé di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, àwọn tí kò rí i rí ni wọ́n ń gbàdúrà fún un. Ẹ fi èyí wé ti Newton Jibunoh, tí ó wa Volkswagen láti Lọ́ńdọ́nù wá sí Èkó ní nǹkan bí ọdún 1966, tí ó gba àárín Sàhárà kọjá, tí ó sì wá di ẹni tí ń gbin igi láti dá aginjù dúró ní àríwá ilẹ̀ wa. Bí òun bá rì sínú iyanrìn ní ìgbà náà, kò sí fóònù tí yóò fi ké sí ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà lè jẹ́ okùn tí a fi so arìnrìn-àjò mọ́ ilé. Èyí ni ohun tí ó dára jù tí mo lè sọ nípa rẹ̀, kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí okùn ni fíìmù mọ́tò inú aginjù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1922, ọkọ̀ Citroën márùn-ún gbéra ní Touggourt ní ilẹ̀ Algeria. Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil ni olórí wọn. Bẹ́líìtì tí ń yí ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn dípò táyà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1923 wọ́n dé Timbuktu, lẹ́yìn ìrìn tí ó lé ní 3,000 kìlómítà. Paul Castelnau wà lára wọn láti ya fíìmù. Ajá kan náà wà lára wọn; Flossie ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì wà nínú ìtàn títí di òní. Ní ọdún 1924 wọ́n tún gbéra, ọkọ̀ mẹ́jọ ni lọ́tẹ̀ yìí, Léon Poirier sì ni ayàwòrán wọn. Wọ́n gba Niger àti ẹ̀bá adágún Chad títí wọ́n fi dé Madagascar ní ọdún 1925. Ní ọdún 1926 ni fíìmù náà jáde. André Citroën, ẹni tí ó rán wọn, mọ́tò ni ó ń tà. Òun kan náà ni ó fi iná mànàmáná kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ilé gogoro Eiffel ní ọdún 1925. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé fíìmù náà tẹ̀lé ìrìn-àjò lẹ́yìn. Ìrìn-àjò náà ni ó tẹ̀lé fíìmù.

Ibí yìí ni ìbéèrè Bàbá kejì ti wọlé. Timbuktu tí wọ́n dé yìí, ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan mọ́tò. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà, àwọn Tuareg ti ń da ràkúnmí gba ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n mọ kànga, wọ́n mọ ìràwọ̀, wọ́n mọ orúkọ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fíìmù mọ́tò kò fẹ́ràn ènìyàn. Bí darandaran kan bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, aginjù náà kò ní í lẹ́rù mọ́. A ó rí i pé ibi tí ẹnìkan ń gbé ni, tí ó ń se oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ayàwòrán yóò dúró títí darandaran yóò fi kọjá, tàbí kí ó yí kámẹ́rà rẹ̀ sí ìhà kejì. Kámẹ́rà ni ó sọ aginjù di òfìfo.

Ohun méjì, nígbà náà, ni irú fíìmù yìí ń fi pa mọ́: ọkọ̀ tí ó gbé kámẹ́rà, àti onílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, àwọn méjèèjì pàdé. Eré-ìje Paris-Dakar, tí Thierry Sabine dá sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ́kọ́ sá ní ìparí ọdún 1978, ń lọ sí òpin rẹ̀. Ní ilẹ̀ Mauritania, ọkọ̀ àwọn ayàwòrán kan pa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kì í ṣe ọkọ̀ olùdíje. Kò sí ife-ẹ̀yẹ tí ó ń lé. Nínú eré-ìje kan náà, ní ilẹ̀ Mali, ọkọ̀ olùdíje kan ti pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 tí ó ń sọdá títì.

Bí ẹ bá bi àwọn olólùfẹ́ eré-ìje léèrè nípa ọdún 1988, ohun tí wọn yóò sọ fún yín ni ìtàn mọ́tò Ari Vatanen, Peugeot 405 tí àwọn olè jí gbé ní Bamako. Wọ́n rí mọ́tò náà padà, wọ́n yọ Vatanen kúrò nínú ìdíje, Juha Kankkunen sì gba ipò kìíní. Ìtàn dídùn ni. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó gbọ́ ti ìyá àti ọmọ yẹn.

Wọ́n fagi lé eré-ìje náà ní ọdún 2008 nítorí ìbẹ̀rù àwọn apániláyà ní Mauritania. Láti ọdún 2009 ó di ti Gúúsù Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 sì ni wọ́n ti ń sá a ní Saudi Arabia. Dakar náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Bí a bá gbé Ọjà Ọba Àkúrẹ́ lọ sí Kánò, ṣé Ọjà Ọba Àkúrẹ́ náà ni a ó máa pè é? Ṣùgbọ́n lójú kámẹ́rà, iyanrìn ni iyanrìn.

Ọkọ̀ mìíràn wà nínú Sàhárà tí kì í ní kámẹ́rà níwájú. Láti Agadez àti Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger, ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń wọ Hilux àti lọ́rì lọ sí Libya àti Algeria. Wọ́n a jókòó sí etí ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn lóde, wọn a sì di igi mú kí wọ́n má baà já bọ́. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 ní apá àríwá Niger, nítòsí ààlà Algeria: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ọkọ̀ wọn ni ó bàjẹ́, omi sì tán. Iyanrìn tí ó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú fíìmù.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ṣé kámẹ́rà ni ì bá fún wọn ní omi?” Kámẹ́rà kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà tí ń dá rìn nínú aginjù. Ọkọ̀ tí ó gbé e ní omi, ó ní epo, ó ní okùn, ó sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń ké sí ilé. Ẹlẹ́rìí tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó kò gbà fún mi. Ó ní bí gbogbo ènìyàn bá ń ti ọkọ̀, ta ni yóò sọ fún ayé pé ọkọ̀ rì? Ó ní ikú àwọn 92 yẹn kì bá tí mì ẹnikẹ́ni bí kò bá sí àwọn oníròyìn tí wọ́n lọ síbẹ̀. Pé ó yẹ kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n, mo sì gbà á ní ibi tí ènìyàn bá pọ̀. Ní ibi ayẹyẹ, ní kóòtù, ní pápá ìṣeré, àyè wà fún ẹni tí ń wòran. Nínú aginjù, iye orí ni a fi ń pín omi. Ayàwòrán wà nínú iye náà. Ó ti mu nínú omi àjò, ó ti sùn ní abẹ́ àgọ́ àjò, bí ó bá sì ṣe òun gan-an, àwọn tí ó ń yà ni yóò gbé e. Kò lè jẹ́ ẹ̀kẹfà nígbà tí wọ́n bá ń pín omi, kí ó má sí nínú iye nígbà tí wọ́n bá ń ti ọkọ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò ní kí àgbà náà jẹ́ ìbátan ọmọ, wọn kò sì ní kí ó jẹ́ oníṣègùn. Pé ó wà níbẹ̀ ti tó. Ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lónìí, bí lọ́rì bá dojú dé, a ó rí ọwọ́ bí mẹ́wàá tí ó gbé fóònù sókè kí a tó rí ọ̀kan tí ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Àwọn tí wọ́n gbé fóònù yìí kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ni pé ẹni tí ń yàwòrán wà ní òdìkejì ohun tí ó ń yà, bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé. Ta ni ó kọ́ wọn, bí kò ṣe irú àwòrán tí kì í fi ọkọ̀ ẹ̀kẹfà hàn wọ́n?

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a kó kámẹ́rà sọnù. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n nílò ọwọ́ òun. Bí wọ́n bá ní rárá, kí ó máa yà á lọ. Kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ tirẹ̀ wọ inú àwòrán nígbà mìíràn, kí a lè ka mẹ́fà nígbà tí ó bá jẹ́ mẹ́fà. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń san owó fíìmù kò ní í fẹ́ èyí. Iye ojú tí ó wò ó ni wọ́n ń kà, ojú yẹn sì ni tèmi àti tiyín. Bí a bá fi hàn pé ọkọ̀ tí ó rì ni ó dùn mọ́ wa jù, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọkọ̀ bá ń rì níbi tí iyanrìn kò ti jìn.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò ya fíìmù lọ́jọ́ kan. Èyí tí mo fẹ́ rí nìyí. Kí àwọn mọ́tò náà bọ̀ bí wọ́n ti máa ń bọ̀, kí wọ́n kọjá, kí ariwo wọn lọ. Kí kámẹ́rà má tẹ̀lé wọn. Kí ó dúró níbẹ̀ títí eruku yóò fi balẹ̀, kí ó sì tún dúró díẹ̀ sí i, kí a lè rí ẹni tí yóò jáde wá wo ojú ẹsẹ̀ táyà lórí ilẹ̀ rẹ̀.